Bàbá Ìbejì Ra Ilé Orí Táyà, Kò Bi Ẹnikẹ́ni

Ẹ má rò pé mo ń sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn o. Èmi kì í ṣe olófòófó, gbogbo ìjọ wa ní Houston ló lè jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń fi jẹ ṣúyà ní títì Bissonnet, tí ọmọ tó ń dirun fún mi mọ̀ ju èmi tí ó ṣojú mi lọ, ẹ jọ̀wọ́, kí ló kù tí mo fẹ́ bò mọ́lẹ̀ níbẹ̀?

Bàbá Ìbejì ra ilé orí táyà. RV ni wọ́n ń pè é níbí: mọ́tò gbọọrọ tó ní bẹ́ẹ̀dì, tó ní ìdáná, tó ní ilé ìwẹ̀ àti ilé ìyàgbẹ́ nínú, tí èèyàn lè wà dé Canada láì san owó hòtẹ́ẹ̀lì. Ìyẹn nìkan kò burú. Ẹni tó bá ti fi ọdún 27 jí lọ síbi iṣẹ́ epo kí ilẹ̀ tó mọ́, tó bá fẹ́yìn tì, kí ó máa gbé ìyàwó rẹ̀ wo ayé kiri. Ta ló bá a jà? Ṣùgbọ́n èyí tó wà nílẹ̀, tí gbogbo ayé ń wò kí wọ́n tó rà, Bàbá Ìbejì ní kò bá ipò òun mu. Ó ní kí wọ́n kan tòun lọ́tọ̀. Ló bá ka 60,000 dọ́là àsansílẹ̀ fún ọkùnrin kan tí kò fojú rí rí, tí kò mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí kò rí mọ́tò kan ṣoṣo tí ó ti kàn. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹ̀ẹ̀mejì!

Bàbá Ìbejì yìí kan náà o. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí, nítorí àwọn èèyàn máa ń tètè gbàgbé. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Kẹ́hìndé, ọmọ rẹ̀ obìnrin, mú ọmọkùnrin kan wálé. Oníṣègùn eyín ni. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, kò fi ọwọ́ kan kanlẹ̀ bíi tàwọn ọmọ ìwòyí. Bàbá Ìbejì ní kò burú, òun máa ṣèwádìí. Ó rán èèyàn sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó rán òmíràn sí Ṣàgámù, nílé àwọn ìyá rẹ̀. Oṣù méje gbáko ni wọ́n fi ń tú ìdílé wọn wò: ṣé wèrè kò sí níbẹ̀, ta ni wọ́n lé kúrò nílùú, irú ikú wo ló pa bàbá àgbà. Nígbà tó yá, wọ́n ní wọ́n rí àbúrò bàbá kan tó jẹ gbèsè kòkó ní 1974 tí kò san án. Bàbá Ìbejì ní ọ̀rọ̀ bùṣe, òun kò fọmọ fún ìdílé onígbèsè. Kẹ́hìndé sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú bí búrẹ́dì. Gbèsè kòkó!

Ọkùnrin tó kan mọ́tò wá ńkọ́? Kò sẹ́ni tó bi í pé ọmọ ta ni ọ́.

Èmi ni mo bi Ìyá Ìbejì ní gbangba pé kí gan-an ni ọkọ rẹ̀ rí lára onítọ̀hún. Ó kọ́kọ́ mí kanlẹ̀. "Ìyá Bọ́lá, ẹ ṣáà fi sílẹ̀. Ó ní ọkùnrin náà pe òun ní Chief."

Mo ní, "Pé kí ni?"

"Ó ní, 'Chief, Ọlọ́run á bù kún yín.' Ó ní ẹni tó bá ń dárúkọ Ọlọ́run báyẹn nínú iṣẹ́ rẹ̀ kò lè jalè."

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Ní Texas níbí, ẹni tó fẹ́ ta táyà tó ti fá fún ọ náà á ní kí Ọlọ́run bù kún ọ.

Tí ẹ bá sì ní ta ni kò ní ṣàṣìṣe, ẹ dákẹ́ ná. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà, tó ti gbé ẹrù dé Elkhart ní Indiana lọ́pọ̀ ìgbà. Ọkọ náà ló là mí lóye. Àríwá Indiana yẹn, Elkhart àti àwọn ìlú kéékèèké tó yí i ká, ni wọ́n ti ń kan èyí tó pọ̀ jù nínú RV Amẹ́ríkà. Musíọ́ọ̀mù RV wà níbẹ̀. Àwọn Amish, àwọn ẹlẹ́sìn tí wọ́n ṣì ń fi ẹṣin fa kẹ̀kẹ́ lọ sọ́jà, wà lára àwọn tó ń kan án. Kì í ṣe ohun awo. Púpọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ náà máa ń gba àlejò. Èèyàn á wọlé, á rí bí wọ́n ṣe ń to igi ògiri, bí wọ́n ṣe ń fa wáyà, ibi tí wọ́n ti ń fi ìkánjú ṣe é. Tiffin, tí òun náà ń kan RV, wà ní Red Bay ní Alabama. Red Bay kò sì jìnnà tó Atlanta tí Bàbá Ìbejì wa mọ́tò lọ síbi òkú ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ó lókun láti lọ jẹun níbi òkú ẹni tí kò mọ̀. Kò lókun láti lọ wo ibi tí wọ́n ti ń kan ilé tó fẹ́ sùn sí.

Ọkọ ọ̀rẹ́ mi yìí tún sọ̀rọ̀ kan tó yà mí lẹ́nu. Ó ní orúkọ tó wà lára àwọn mọ́tò yẹn máa ń tan èèyàn. Airstream, Jayco, Tiffin: ilé iṣẹ́ kan, Thor, ló ni gbogbo wọn. Airstream bọ́ sọ́wọ́ Thor ní 1980, Jayco ní 2016, Tiffin ní 2020. Winnebago ra Newmar ní 2019. Forest River, ọwọ́ Berkshire Hathaway, ilé iṣẹ́ Warren Buffett, ló ti wà láti 2005. Nítorí náà, ẹni tó bá bínú kúrò lọ́dọ̀ ọ̀kan tó gba ọ̀dọ̀ ìkejì lọ, ó lè jẹ́ pé yàrá ìyálé ló ti bọ́ sí yàrá ìyàwó, baálé ilé kan náà ló ṣì máa bá jókòó. Irú nǹkan tí èèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ nìyẹn kí ó tó fọwọ́ bàpò. Ilé ńlá gan-an máa ń wó: ní oṣù kẹta 2009, Monaco Coach àti Fleetwood Enterprises, tí ẹnu ọ̀nà wọn kì í dá, gba kóòtù lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀ síra wọn pé gbèsè ti bo àwọn mọ́lẹ̀. Bí ilé àwọn wọ̀nyẹn bá lè wó, ẹni tó ń kan mọ́tò nínú ṣọ́ọ̀bù kan, tòun ti ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin, ṣé ẹ kò ní bi í léèrè iye ọdún tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ àti iye tó jẹ báńkì?

Bàbá Ìbejì kò bi í. Ohun tó ń bi í ni irú máàbù tó wà.

Ẹ gbọ́ ohun tó ní kí wọ́n ṣe síbẹ̀. Máàbù lórí ìdáná. Tàìlì nílẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Fírísà tí wọ́n lè tẹ́ odidi ewúrẹ́ sí. Jẹnẹrétọ̀ ńlá, ní Amẹ́ríkà tí iná kì í lọ. Tánkì omi 80 gálọ́ọ̀nù, nítorí pé òun kì í wẹ̀ bí òyìnbó. Lórí ẹsẹ̀ Ford E-450 ni wọ́n sì fẹ́ kó gbogbo èyí lé. Ford ti kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé 14,500 pọ́ùn ni mọ́tò náà lè gbé, tòun ti ara rẹ̀, tòun ti èèyàn, tòun ti ẹrù. Gálọ́ọ̀nù omi kan ń lọ bíi pọ́ùn 8.3. Ẹ ṣírò 80 náà fúnra yín: omi ìwẹ̀ Bàbá Ìbejì nìkan wúwo ju ọkùnrin mẹ́ta lọ. Ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run lóòótọ́ ì bá ti sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ fi tàìlì yẹn sílẹ̀." Ọkùnrin tó ń pè é ní Chief yìí, gbogbo rẹ̀ ló ní kò sí wàhálà sí.

Oṣù márùn-ún ni wọ́n dá. Oṣù 14 ni mọ́tò fi dé. Láàárín ìgbà yẹn, 60,000 ti di 148,000, Ìyá Ìbejì sì ń ṣiṣẹ́ lóròòru ní ọsibítù. Àjọ tí obìnrin yẹn fẹ́ fi tún ilé ìyá rẹ̀ ṣe ní Ìkìrun wọ inú rẹ̀. Mo mọ̀, nítorí ọwọ́ mi ló ti kó o. Nínú ìjọ, 250,000 ni Bàbá Ìbejì sọ pé òun rà á. Ẹ ṣe nǹkan burúkú, ẹ tún wá fi irọ́ lé e lórí, níwájú pẹpẹ!

Ó wá ku ọjọ́ ìyàsímímọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ya mọ́tò sí mímọ́. Aṣọ ẹbí wà: léèsì aláwọ̀ ojú ọ̀run àti gèlè fàdákà, 150 dọ́là. Èmi náà rà á, kí n má purọ́, àwọ̀ náà sì bá mi mu. Wọ́n ta kánópì síwájú ilé, wọ́n gbé ìrẹsì àti àsáró sílẹ̀. Pásítọ̀ gun àtẹ̀gùn mọ́tò, ó fi òróró pa férémù ilẹ̀kùn, ó ní ewu kò ní wu ú, a ní àmín. Ọkọ tèmi ń fi ọwọ́ pa ara mọ́tò bí ẹni ń pa ẹ̀yìn ẹṣin. Ó ní, "Ọkùnrin ni bàbá yìí o." Mo fojú gún un.

Ẹ mọ òjò Houston, kì í kan ilẹ̀kùn. Kí a tó jẹ ẹran tán, ọ̀run ti dúdú, òjò dé, kánópì fò. Gbogbo àgbà sá wọ inú mọ́tò. Àwa 11 la fún pọ̀ síbẹ̀ bíi sadíìnì. Inú Bàbá Ìbejì dùn, ó ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń pa á dé, ó ń tan iná aláwọ̀ pọ́pù tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì (ẹ má bi mí pé kí ni àgbàlagbà ń fi iná aláwọ̀ pọ́pù ṣe lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì). Mo gbọ́ "tó!" Mo rò pé ẹ̀rọ omi ni. Ó tún ní "tó! tó!" Ìyá Àdúrà gbé ọwọ́ sórí gèlè, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo òkè, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù." Omi ń gba ẹ̀gbẹ́ ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà lókè wọlé, ó ti ṣe ilà pupa lára àjà, ilà náà sì ti gbẹ létí: ìyẹn ni pé kì í ṣe òjò àkọ́kọ́ nìyẹn. Pásítọ̀ ní òjò ìbùkún ni. Kò sẹ́ni tó ní àmín.

Èmi tí mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo kàn fi ìka tẹ ògiri díẹ̀. Ìka mi wọlé. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Pákó tó wà lẹ́yìn bébà olódòdó yẹn ti rọ̀ bí àkàrà àná. Mo bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ tún bàtà ṣe, mo wo ibi tí tàìlì ti pàdé ògiri: gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi dí i pọ̀ níbì kan bí ẹ̀gúsí tó di kókó, níbòmíràn kò sí rárá, ihò ni, mo rí ìmọ́lẹ̀ ìta. Mọ́tò tuntun! Mo dìde, mo nu ìka mi sára aṣọ ọkọ mi.

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n gbé e lọ síbi tí àwọn onítírélà ti ń wọn ẹrù wọn, CAT Scale, níbi tí wọ́n ti ń ta epo lójú títì márosẹ̀. Táyé ọmọ rẹ̀ ló fi agídí mú un lọ. Òṣùwọ̀n pè é ní 16,240. Omi kò tíì sí nínú tánkì. Ewúrẹ́ kò tíì sí nínú fírísà. Táyé wo férémù ilẹ̀kùn ibi tí awakọ̀ ń jókòó, níbi tí òfin ní kí ẹni tó parí mọ́tò náà lẹ sítíkà tirẹ̀ sí, pé òun ni òun parí rẹ̀, pé ìwọ̀n báyìí ni kò gbọ́dọ̀ kọjá. Òróró pásítọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Sítíkà kò sí. Ìwé Ford tó wà nínú dùrọ́ọ̀ ní mọ́tò tí kò tíì parí ni àwọn fi ránṣẹ́.

Nígbà tí iná wá kọ̀ tí kò tàn mọ́, wọ́n pe oníṣọ́ọ̀bù, ó ní ọ̀rọ̀ Ford ni. Wọ́n gbé e lọ fún Ford, wọ́n ní ẹsẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì làwọn ṣe, àwọn kò mọ ẹni tó fa wáyà sínú ilé. Ìyá méjì ló ń bí irú mọ́tò yìí, wáráńtì méjì ló sì máa ń ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìyá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ ti mọ ìyá tó máa dáhùn nígbà tí ọmọ bá sunkún lóru. Wọ́n tún pe oníṣọ́ọ̀bù. Fóònù kò dún mọ́.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kanra jù lọ nìyí. Táyé jókòó sórí àga nílé ìdáná, ó mú fóònù rẹ̀, ó wọ ibi tí kóòtù kaúńtì tí ṣọ́ọ̀bù náà wà ti ń to àwọn ẹjọ́ wọn sí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò san kọ́bọ̀. Ọkùnrin Chief yìí ti pààrọ̀ orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ nígbà mẹ́ta láàárín ọdún mẹ́fà. Ẹjọ́ mẹ́rin ló wà lọ́rùn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lórí mọ́tò tó ń jò tàbí owó àsansílẹ̀ tó wọlẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀yin èèyàn mi, fún 148,000 dọ́là! Bẹ́ẹ̀ oṣù méje ló fi wá gbèsè kòkó!

Táyé tún fi nọ́ńbà 17 tó wà lára ẹsẹ̀ mọ́tò náà wá a lọ́dọ̀ NHTSA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ewu mọ́tò, láti mọ̀ bóyá Ford ti ní kí wọ́n dá irú rẹ̀ padà fún àtúnṣe. Ọ̀fẹ́ nìyẹn náà. Ọmọ yẹn kò bá bàbá rẹ̀ jà. Ó kàn ń kà á sókè, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ka Bíbélì. Ìyá Ìbejì ń gé ewédú, kò gbójú sókè. Ó gé e títí ewédú fi di omi.

Àwọn èèyàn ní kí Bàbá Ìbejì gbé oníṣọ́ọ̀bù lọ sí kóòtù. Òfin tó ń gba ẹni tó ra mọ́tò tuntun tí kò yé bàjẹ́ sílẹ̀ kò dọ́gba káàkiri Amẹ́ríkà: Texas ka RV mọ́ ọn, Indiana yọ ọ́ kúrò. Ìdí nìyẹn tí ìpínlẹ̀ tí ẹni tó ń kan mọ́tò wà fi ṣe pàtàkì tó bí owó tó ń gbà. Ìwé tí Bàbá Ìbejì fọwọ́ sí, ojú ewé 19, ní bí ìjà bá dé, ìpínlẹ̀ oníṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti máa parí rẹ̀, lọ́dọ̀ onílàjà, kì í ṣe ní kóòtù. Ó ka ojú ewé àkọ́kọ́. Ó ní wọ́n kọ orúkọ òun dáadáa níbẹ̀, pẹ̀lú "Chief" níwájú.

HOA, ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò, ti kọ lẹ́tà sí Bàbá Ìbejì. RV kò gbọ́dọ̀ dúró síwájú ilé níbẹ̀. Ìyẹn gan-an wà nínú ìwé tó fọwọ́ sí nígbà tó ra ilé. Ó wá ń san 190 dọ́là lóṣù níbi tí wọ́n ti ń bá èèyàn tọ́jú mọ́tò lójú ọ̀nà Katy. Àwọn ọlọ́wẹ̀ ìjọ ti kó kúlà àti ìkòkò ìnáwó sínú rẹ̀. Kẹ́hìndé lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó yí i po, ó fọwọ́ lé ògiri tó rọ̀ yẹn, ó ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan. Wọ́n ní oníṣègùn eyín ni. Èmi kò sí níbẹ̀, ohun tí mo gbọ́ ni mo sọ.

Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Àfi bí mo ṣe jí lóru àná tí n kò bá ọkọ mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo rìn jẹ́jẹ́ dé ẹnu ilẹ̀kùn gáréèjì. Ó jókòó sínú òkùnkùn, fóònù wà létí rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, òrùlé nìkan ṣáà ni, èèyàn lè fi gọ́ọ̀mù dí i. Ẹ fi fún mi ní 40." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Rárá o, ẹ má jẹ́ kó dé etí Ìyá Bọ́lá."

Mo tan iná.